Ewúro Tó Fẹ̀ ní Ilé Ìdọ́gba

Ewé ewúro kẹta nìyí tí Abọ́sẹ̀dé ń jẹ láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu. Kò fọ̀ ọ́, kò bọ̀ ọ́, kò sí iyọ̀, kò sí epo. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kíkorò náà gun ọ̀fun rẹ̀ títí dé ìdí etí. Ó gbé e mì. Ó tún na ọwọ́ sí ìkòkò náà, ó já òmíràn.

Ewé náà fẹ̀ gbàgàdà. Ohun tó ń dẹ́rù bà á nìyẹn. Lánàá ló ti já gbogbo èyí tó fẹ̀ lára ọ̀pá yìí tán, ó sì rò pé yóò pẹ́ díẹ̀ kí òmíràn tó yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó wà nínú ooru kì í sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tuntun ti na ara wọn, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n ń dán, kò sí irun kan ṣoṣo lára wọn. Ewé Ẹsẹ̀ Òkè, ilẹ̀ ooru tó wà nísàlẹ̀, pọ́nńbélé ni. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà funfun tó wà lára ìkòkò náà sọ ohun mìíràn: Mosúnmọ́lá, ọmọ Èjìká.

Ọmọ Abọ́sẹ̀dé ni Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Bàbá rẹ̀ ti kú.

Ìkòkò ewúro ló kún Ilé Ìdọ́gba láti ògiri dé ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tàbí àgbà tó ń gbé ní Èjìká Òkè Olótùútù, bí wọ́n ṣe ń kó wọn wọlé díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì ni ògiri, gíláàsì ni òrùlé. Ní ìta, ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko, àwọn tó ń kọjá sì di agbádá onírun mọ́ra. Nínú ilé, ooru wọ́ọ́rọ́ ni, òógùn sì ti mú ẹ̀yìn aṣọ Abọ́sẹ̀dé tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bomi rin wọ́n, omi kan náà fún gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kejì. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ìgbà tí ìkòkò ọmọ tirẹ̀ wọlé ni iṣẹ́ di ìjayà.

Ó wo òkè. Lórí irin tó gba abẹ́ òrùlé kọjá, ẹ̀rọ náà so rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì pa dé. Kò ní ju ojú kan lọ, gíláàsì ńlá kan tó máa ń tàn bí ojú ológbò, ìdí sì nìyẹn tí àwọn obìnrin tó ń bomi níbẹ̀ fi sọ ọ́ ní Olójúkan. Lẹ́yìn ọ̀gá ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Bí ọ̀gá bá wà nítòsí, “ẹ̀rọ ìjọba” ni gbogbo wọn máa ń pè é, ojú wọn á sì le koko.

Abọ́sẹ̀dé rún ewé ẹnu rẹ̀, ó yọjú síta láti ara gíláàsì. Ọkọ̀ okùn, èyí tó ń gba orí okùn irin sọ̀kalẹ̀ òkè, ti wà nídìí òpó. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn láti wò ó. Èèyàn ló ń kó sọ̀kalẹ̀. Òfìfo ló ń bọ̀. Bó bá sì padà dé, irin rẹ̀ á gbóná débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ da omi sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, omi náà á sì hó ṣìì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn lọ sí Ẹsẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó fi ohùn ránṣẹ́.

Ẹ má rò pé aṣebi ni Abọ́sẹ̀dé. Ní Òkè Olótùútù, kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, ìyá rẹ̀ á gé ọ̀pá kan lára ewúro tirẹ̀, á rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ilé, ọ̀pá náà ni yóò sì jẹ́ ewúro ọmọ. Ìyá rẹ̀ náà ti gé tirẹ̀ lára ti ìyá tirẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ tí Abọ́sẹ̀dé bí Mosún ni yìnyín bọ́ mọ́jú, nígbà tó sì fi máa jáde síta, ewúro rẹ̀ ti dúdú láti orí dé gbòǹgbò. Obìnrin tí ewúro rẹ̀ bá kú lórí ọmọ, àwọn àgbà á ní òkè ló kọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nílé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Abọ́sẹ̀dé jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń sunkún pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, títí Ìyá Dọ̀tun, aládùúgbò rẹ̀, fi gba ẹ̀yìn ọgbà yọ sí i, ohun kan wé nínú gèlè rẹ̀.

“Gba èyí, kí o sì rì í kí ìyá ọkọ rẹ tó jí,” ni Ìyá Dọ̀tun wí. Ọ̀pá ewúro tútù ló wà nínú gèlè náà. “Lára tèmi ni mo ti gé e. Ewúro ni gbogbo ewúro ń jẹ́. Ta ni yóò tọ́ ọ wò?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Kò sí Ilé Ìdọ́gba nígbà náà. Ọ̀pá náà hù, atẹ́gùn òkè fẹ́ sí i, ewé rẹ̀ kéré, ó nípọn, ó hu irun funfun bíi ti gbogbo ewúro Èjìká, Mosún sì ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gé e wá sínú ooru yìí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ni àṣírí tú lójú Abọ́sẹ̀dé nìkan. Ìyá ńlá kan ní ìdílé Ìyá Dọ̀tun ti gun òkè wá láti Ẹsẹ̀ rí, ó fi ọ̀pá ewúro pamọ́ sáyà, kò sì sọ fún ọmọ kankan. Ìyá Dọ̀tun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Èjìká ni wọ́n bí i sí, Èjìká ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Abọ́sẹ̀dé kò sì ní ẹnu tó lè fi sọ ọ́ fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mosún.”

Abọ́sẹ̀dé yíjú padà. Ọ̀gá Fápohùndà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí àwọn ará Orí Òkè tó ń ṣèjọba fi ṣe olórí Ilé Ìdọ́gba. Ó ń bọ́ agbádá onírun rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi í kọ́ sára ìṣó. Ọkùnrin tó bọ̀wọ̀ fún èèyàn ni. Kì í pariwo. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ kó lọ sókè rí, kódà ní ọjọ́ tí wọ́n kó ìdílé àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá.” Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀, ó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì lódindi. “Ẹ tètè dé lónìí.”

“Oorun ló dá lójú mi. Mo ní kí n wá wo àwọn ọmọ mi.” Àwọn ewúro ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó rìn sún mọ́ ọn. “Kí lẹ ń jẹ?”

“Orógbó ni, sà.”

“Orógbó.” Ọ̀gá Fápohùndà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yọ aṣọ ìnujú funfun nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí i. “Ẹ nu ẹnu yín. Orógbó yín ti sọ ètè yín di ewé.”

Abọ́sẹ̀dé gbà á. Ó nu ẹnu, aṣọ náà sì di àwọ̀ ewé. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó ká a mọ́ ọwọ́, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀gá Fápohùndà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú Olójúkan là. Ó ń yí bọ̀ lórí irin rẹ̀, ó sì dúró gẹ́lẹ́ lókè ìkòkò Mosún, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ojú ibi tí wọ́n ti já ewé, oje ṣì ń yọ níbẹ̀. Kò sí ewé kankan mọ́ lára ọ̀pá náà, Abọ́sẹ̀dé sì ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kó kọjá lọ. Ẹ̀rọ náà na ìka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan síta. Lórí téńté ọ̀pá, níbi tí ojú èèyàn kò lè rí, ọmọ ewé kan wà ní kíká, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ìka irin náà ṣí i, bí ìyá ṣe ń ṣí ojú ọmọ tó ṣepin.

“Ẹsẹ̀,” ni Olójúkan wí. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn tútù, bí ẹni ń pe èèyàn wá jẹun.

Omi ń kán nínú ọ̀pá omi.

“Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, Ìyá Mosún,” ni ọ̀gá wí. “Ooru ti gba Ẹsẹ̀, ó ti gba Ìbàdí, ó ń bọ̀ wá bá wa níbí. Òkè ò lè gba gbogbo ayé. Òkè ní láti mọ ọmọ rẹ̀. Tí ewé bá fẹ̀, ẹni tó ni ín á sọ̀kalẹ̀, òun àti ìyá tó gé e fún un. Ṣé ẹ rí i, ewé lè tan ojú wa níta. Ibi tó bá dé ló ń wọ aṣọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo wọn sínú ooru kan náà, kálukú á rántí ilé rẹ̀. Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ báyìí?”

“Ìyá Dọ̀tun, sà. Aládùúgbò mi.”

Ọ̀gá gbé fóònù tó wà lára ògiri. Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ohùn Ìyá Dọ̀tun ketekete láti inú rẹ̀, ohùn tó ń dùn bíi ti ẹni tí kò ní ìṣòro kankan: “A ti ń bọ̀ náà, sà! Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà fún un.”

Bàtà yẹn ló fọ́ Abọ́sẹ̀dé lọ́kàn. Mosún tí kò lè jókòó ti iná kí ara rẹ̀ má sú, tí òùngbẹ máa ń gbẹ bí wọ́n bá fi aṣọ kan kún aṣọ rẹ̀. Kò ní rí ọ̀sán ọ̀la ní Ẹsẹ̀. Ó wọ́ lórí eékún dé ẹsẹ̀ ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀pá yẹn kì í ṣe tèmi. Tèmi kú sínú yìnyín ní ọ̀sẹ̀ tí mo bí i. Mo tọrọ òmíràn ni, nítorí ìtìjú.”

Ọ̀gá Fápohùndà wò ó pẹ́. Ó fa àpótí kan, ó jókòó lé e, kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

“Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ o. Ẹni tó bá ní igi tirẹ̀, igi tirẹ̀ ló máa gbè é tàbí kó takò ó. Ẹni tí kò bá ní igi rárá, abẹ́ igi ọkọ rẹ̀ ló máa jókòó, òun àti ọmọ rẹ̀. Ewúro ọkọ yín wà lọ́hùn-ún, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kékeré ni ewé rẹ̀. Kò séwu fún yín nígbà yẹn. Ọ̀pá ta ni?”

Bí Abọ́sẹ̀dé bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ ń lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹni tó nu omijé rẹ̀ nù ló ń lọ, òun àti Dọ̀tun. Ó wá rántí Màmá Ẹlẹ́yẹlé, ìyá arúgbó tó máa ń sin ẹyẹlé létí ọ̀nà, tí wọ́n kó sọ̀kalẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ẹni tó ti lọ kò tún lè lọ mọ́. Ọkàn rẹ̀ fò sókè bí ẹni rí ilẹ̀kùn nínú ògiri.

“Màmá Ẹlẹ́yẹlé ni, sà. Màmá Ẹlẹ́yẹlé ló gé e fún mi.”

“Ìyẹn rọrùn láti mọ̀,” ni ọ̀gá wí. Ó yíjú sí ẹ̀rọ. “Wá ẹnì kejì rẹ̀.”

Olójúkan fi ìka irin ṣán bíńtín lára ọ̀pá Mosún, ó fi í sínú ara rẹ̀, ó sì gbéra. Abọ́sẹ̀dé kò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń bomi níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ewé nìkan ló rò pé ó ń wò. Ẹ̀rọ náà lọ sí pẹpẹ òkè níbi tí wọ́n kó ọ̀pá gbígbẹ àwọn tó ti lọ sí, ó dúró lórí ti Màmá Ẹlẹ́yẹlé, kò fọhùn. Ó kọjá.

“Ó tó, sà,” ni Abọ́sẹ̀dé wí. “Ojú mi ló fọ́, mo gbàgbé ni. Kò pọndandan kó wá gbogbo rẹ̀.”

“Kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olójúkan ń lọ láti ìkòkò dé ìkòkò, ó ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dún kín, kín, kín, bí agogo ẹran tó ń jẹ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Abọ́sẹ̀dé mọ ibi tó ń lọ. Ó mọ ìkòkò náà nídìí fèrèsé, ó mọ bó ṣe jẹ́ pé ìjẹta ni wọ́n gbé e dé, tí ewé rẹ̀ kò tíì jí. Ó fẹ́ sáré lọ gbé e mọ́ra. Ibo ni yóò gbé e gbà? Gíláàsì ni gbogbo ilé.

Ẹ̀rọ náà dúró nídìí fèrèsé.

“Ọ̀kan náà,” ló wí.

Ọ̀gá Fápohùndà ka ohun tó wà lára ìkòkò náà síta, ó ń fa orúkọ náà bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. “Adédọ̀tun, ọmọ Èjìká.” Ó mí kanlẹ̀. “Aládùúgbò yín. Ó yẹ kí n ti mọ̀.”

Ó padà wá dúró níwájú Abọ́sẹ̀dé.

“Ẹ fetí sí mi dáadáa, nítorí mi ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀pá tí wọ́n gé lára ọ̀pá, kò sí àgbà kò sí àbúrò láàárín wọn lójú ẹ̀rọ yìí. Ó mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n, kò mọ ẹni tó fún ẹnì kejì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fún Ìyá Dọ̀tun, ẹ̀yin àti Mosún lẹ máa wọ ọkọ̀, òun á jókòó sábẹ́ igi ọkọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ló fún yín, òun àti Dọ̀tun ló máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀rí èèyàn ló kù. Mi ò lè bá yín yàn.”

Ojú rẹ̀ kò le. Àánú wà níbẹ̀, Abọ́sẹ̀dé rí i, àánú náà sì bà á lẹ́rù ju ìbínú lọ. Ó ń gbìyànjú láti ronú. Dọ̀tun tó máa ń pọ́n Mosún kọjá ibi tí yìnyín bá ti yọ̀. Ìyá Dọ̀tun tó sùn tì í ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò jẹ́ kó wà ní òun nìkan. Òdodo ni pé òun kọ́ ló ni ọ̀pá náà. Òdodo ni yóò sì pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kú sórí ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má bi í léèrè mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, òtútù wọlé. Ìyá Dọ̀tun ló dé, ó di Mosún lọ́wọ́ mú, ìrì dídì lórí gèlè àwọn méjèèjì. Bó ṣe rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò bèèrè ohunkóhun. Ó kúnlẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ má bínú.”

“Kò sẹ́ni tó ń bínú,” ni Ọ̀gá Fápohùndà wí. “Ìbéèrè kékeré kan ni. Ọ̀pá ewúro Mosún àti ti ilé yín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ta ló fún ta?”

Ìyá Dọ̀tun wo ojú Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé rí i bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí ẹkún ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìtìjú àtijọ́ yẹn ló rò pé wọ́n hú jáde. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ọ̀rẹ́ òun nítorí ewúro tó kú.

Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́yìn eyín Abọ́sẹ̀dé. Èmi ni mo fún un. Kò gùn. Ó kàn ní láti la ẹnu ni, kó sì tètè sọ ọ́. Ní ìgbà náà ni Mosún sún mọ́ ọn, ó ki ọwọ́ tútù rẹ̀ bọ inú tirẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, ibí yìí gbóná. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Abọ́sẹ̀dé di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

“Èmi ni, sà,” ni Ìyá Dọ̀tun ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń fọwọ́ méjèèjì bẹ̀bẹ̀. “Ẹ má bá a wí rárá. Yìnyín ló pa tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Tèmi ni mo gé, fúnra mi, mo fi gèlè wé e lọ fún un. Lára ewúro tí ìyá mi gé fún mi ni. Ta ni kì í ran aládùúgbò lọ́wọ́?”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú dáadáa, sà. Mo lè búra.”

Ọ̀gá Fápohùndà wo Abọ́sẹ̀dé. Ó dúró, ó tún dúró, ó fún un ní àyè. Abọ́sẹ̀dé ń wo ilẹ̀.

“Ó ti tán nìyẹn,” ni ọ̀gá wí nígbẹ̀yìn. Ó dìde, ó dá àpótí padà sáàyè rẹ̀. “Ìyá Mosún, ẹ máa mú ọmọ yín lọ sílé. Ìyá Dọ̀tun, ẹ bá mi lọ mú Dọ̀tun wá. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ fún un.”

“Aṣọ fẹ́lẹ́ kẹ̀? Nínú òtútù yìí?”

“Aṣọ fẹ́lẹ́. Kí ẹ̀yin náà wọ ọ̀kan.”

Ìyá Dọ̀tun dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Orí kì í yé ẹnikẹ́ni, kò sì jọ ọ́ lójú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Má sunkún mọ́, jàre. Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ti tán.” Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró, ó yíjú padà. “Ìyá Mosún, mi ò rò pé mo ní aṣọ fẹ́lẹ́ kankan nílé o. Ṣé o ní èyí tí o lè yá mi?”

Abọ́sẹ̀dé mi orí pé òun ní.